Ẹ Bi Mí: Òdòdó Tí À Ń Gbọ́ Òórùn Rẹ̀ Kí A Tó Rí I

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí wa. Ọmọ mi ọkùnrin ń ṣe olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Phnom Penh, olú ìlú Kàmbódíà. Ó ti lo ọdún mẹ́rin níbẹ̀, ó sì ti rí ìyàwó, ọmọ Khmer pọ́ńbélé, ẹ̀yà tó pọ̀ jù lọ níbẹ̀. Rumduol ni orúkọ ọmọ náà. Mo bi ọmọ mi pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀, ó ní òdòdó ni, àti pé òdòdó yẹn gan-an ni ìjọba wọn mú pé kó jẹ́ òdòdó orílẹ̀-èdè. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi ò ti balẹ̀. Ta ní ń fi òdòdó sọ ọmọ? Òdòdó tó yọ láàárọ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú ó ti rọ. Lẹ́yìn òjò ni ìgbéyàwó wọn, èmi àti bàbá rẹ̀ ń lọ. Ẹ jọ̀ọ́, irú òdòdó wo nìyí? Ṣé kí n wá a mú dání lọ́jọ́ náà kí inú àwọn àna mi lè dùn? Mo ti ra léèsì funfun tí màá wọ̀.
Ìyá Akin, Mọ́níyà, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN

Ìyá Akin, ẹ kú oríire ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, léèsì funfun yẹn, ẹ má tíì gbé e lọ fún télọ̀. Funfun ni aṣọ ọ̀fọ̀ láàárín àwọn Khmer. Ẹni tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ kú ló ń wọ̀ ọ́. Màá padà sórí ọ̀rọ̀ aṣọ, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kó pẹ́ kó tó dé etí yín.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ orúkọ. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣe olùkọ́ ní Phnom Penh, ní agbègbè tí wọ́n ń pè ní Toul Tom Poung. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni mo ń gbé, ilé ìyá àgbàlagbà kan sì wà lẹ́yìn ilé wa. Yeay ni gbogbo àdúgbò ń pè é, ìyẹn ni pé Ìyá Àgbà. Nínú oṣù kejì tí mo débẹ̀, mo ń ká aṣọ lórí okùn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni òórùn kan ṣàdédé gba inú atẹ́gùn wá. Ó dùn bí èso tó pọ́n, ó sì tutù lẹ́yìn ọ̀fun bí ẹni pé mo mu omi àmù. Mo rò pé ìyàwó ilé ìsàlẹ̀ ló fọ́n lọ́fínńdà. Mo wo ìsàlẹ̀, kò sí ẹnikẹ́ni. Mo sọ̀kalẹ̀, mo ń yí ká ọgbà bí ẹni tó sọ owó nù. Yeay jókòó sórí ibùsùn igi tí wọ́n máa ń tẹ́ síta lábẹ́ ilé, ó ń wò mí. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, èmi náà ò tíì gbọ́ Khmer. Ó kàn dìde, ó fà mí lọ́wọ́ dé ìdí igi kan tí mo ti ń kọjá lára rẹ̀ lójoojúmọ́, ó sì fi ìka gbé ewé kan sókè.

Abẹ́ ewé yẹn ló wà. Òdòdó kan ṣoṣo, ó dorí kodò, kò tóbi ju orí àtàǹpàkò mi lọ. Àwọ̀ rẹ̀ kì í ṣe funfun, kì í ṣe ìyeyè. Ó dà bí omi ògì àgbàdo pupa. Ewé òdòdó náà nípọn, ó le díẹ̀ bí awọ. Yeay pe orúkọ rẹ̀ fún mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ní kí èmi náà pè é. Ọ̀rọ̀ Khmer kẹrin tí mo mọ̀ láyé mi nìyẹn, lẹ́yìn ẹ kú ilé, ẹ ṣé, àti eélòó.

Nítorí náà, Ìyá Akin, ohun tí ẹ sọ nípa òdòdó tó ń yọ láàárọ̀ tó ń rọ kí ilẹ̀ tó ṣú kò bá rumduol mu rárá. Ìrọ̀lẹ́ gan-an ni iṣẹ́ tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lọ́sàn-án, ẹ lè jókòó sábẹ́ igi rẹ̀ kí ẹ má mọ̀. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, bẹ́ẹ̀ ni òórùn rẹ̀ á máa jáde, á sì máa ta sánsán wọ inú òru. Àwọn onímọ̀ ewéko sọ pé nínú ìdílé igi yìí, àwọn kòkòrò kéékèèké ẹlẹ́yìn líle ló sábà máa ń gbé ìyẹ̀ òdòdó kiri, òórùn ni igi sì fi ń pè wọ́n wá. Ìdí rèé tí kò fi ní àwọ̀ tó ń pe ojú. Imú ni wọ́n dá a fún.

Ẹ ti mọ ìdílé igi yìí láìmọ̀. Ẹ̀ẹ́rù tí ẹ ń rà ní ọjà Bódìjà fún àgbo, ìdílé kan náà ni òun àti rumduol. Ṣáwásọ́ọ̀pù náà wà níbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni ládùúgbò yín bá ní igi ṣáwásọ́ọ̀pù, ẹ lọ wo òdòdó rẹ̀: ewé mẹ́ta níta, mẹ́ta nínú, gbogbo rẹ̀ nípọn. Bí ti rumduol ṣe rí nìyẹn, àfi pé ti rumduol kéré púpọ̀. Ó ń so èso wẹ́wẹ́ ní ìdì, ó ń pọ́n di pupa tó ń lọ sí dúdú, àwọn ọmọdé sì máa ń já a jẹ. Orúkọ tí wọ́n kọ sínú ìwé ìjọba fún un ni Mitrella mesnyi. Lóde òní Sphaerocoryne affinis ni àwọn onímọ̀ ń kọ. Mo sọ èyí nítorí pé bí ẹ bá wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwòrán òdòdó mìíràn lè jáde sí yín. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà, champei ni wọ́n gbé síbẹ̀ tí wọ́n kọ rumduol sí. Champei ní ewé márùn-ún, ó ń ya ẹnu sókè. Rumduol kì í ya ẹnu sókè.

Báwo ló ṣe di òdòdó orílẹ̀-èdè? Oṣù kẹwàá ọdún 2004 ni wọ́n gbé adé lé Ọba Norodom Sihamoni lórí. Nígbà tó di ọjọ́ 21 oṣù kẹta ọdún 2005, ọba gbé àṣẹ kan jáde tó to ohun méje tí yóò máa ṣojú Kàmbódíà. Ẹranko wọn ni kouprey, màlúù igbó tí kò sẹ́ni tó tún fi ojú rí i láti ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹyẹ kan wà, ìjàpá odò kan wà, ẹja ńlá kan wà. Igi wọn ni thnot, ìbátan àgbọn olódù tiwa, tí wọ́n ń gun òkè rẹ̀ gba omi dídùn tí wọ́n ń sè di ṣúgà. Èso wọn ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní chek pong moan, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹyin adìẹ, torí pé ó kúrú, ó sì yípo. Òdòdó wọn ni rumduol.

Ṣùgbọ́n àṣẹ ọba kọ́ ló mú un dé ẹnu ènìyàn. Ó ti wà níbẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ kan ń jẹ́ Rumduol ní ìpínlẹ̀ Svay Rieng, ní ìlà oòrùn lẹ́bàá ààlà Vietnam. Ní Sisaket, ní Táílàndì níbi tí àwọn tó ń sọ Khmer pọ̀ sí, òdòdó tí wọ́n ń pè ní lamduan ni àmì ìpínlẹ̀ wọn; ẹ gbọ́ bí orúkọ méjèèjì ṣe jọra. Láti ìgbà àwọn baba ńlá wọn ni wọ́n sì ti ń fi rumduol wé obìnrin Khmer. Ibi tí mo ń bọ̀ gan-an nìyí. Wọ́n ní òdòdó tó lẹ́wà jù ú lọ ní ojú: òṣùmàrè ọjà òdòdó wà ní Phnom Penh, pupa, àlùkò, ìyeyè. Wọn ò fi ìyẹn wé obìnrin tí wọ́n bá fẹ́ yìn tọkàntọkàn. Èyí tó fi ara pamọ́ sábẹ́ ewé, tó jẹ́ pé òórùn rẹ̀ ló ń sọ pé ó wà nílé, òun ni wọ́n mú. Yeay fi ọwọ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, lẹ́yìn ìgbà tí mo ti gbọ́ èdè díẹ̀: ó fọwọ́ kan ojú ara rẹ̀, ó mi orí, ó fọwọ́ kan àyà, ó mi imú bí ẹni ń fà òórùn. Ìwà ló ń sọ.

Ta ní ń fi òdòdó sọ ọmọ? Àwọn Khmer ni. Bopha ni òdòdó, wọ́n ń sọ ọmọbìnrin bẹ́ẹ̀. Malis ni jásímìn, wọ́n ń sọ ọmọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ Ọba Norodom Sihanouk tó jẹ́ gbajúmọ̀ oníjó, Norodom Buppha Devi, orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí òòṣà òdòdó. Òun ni ìyá bàbá rẹ̀, Ayaba Sisowath Kossamak, kọ́ ní ijó Apsara, ijó tí wọ́n mú láti ara àwọn obìnrin tí wọ́n gbẹ́ sára ògiri Angkor Wat, tẹ́ńpìlì àtijọ́ wọn. Nígbà tí ogun ti pa ọ̀pọ̀ àwọn oníjó ààfin, ó wà lára àwọn tó tún ijó náà gbé dìde, ó sì ṣe mínísítà àṣà kó tó kú ní ọdún 2019. Orúkọ òdòdó kò dí i lọ́wọ́. Àwa náà kọ́ nìyẹn tí à ń sọ ọmọ ní Wúràọlá, Iyùnadé, Ṣẹ̀gilọlá? Ohun tí ojú wa kà sí iyebíye la fi ń sọ ọmọ. Òdòdó ni tiwọn. Ẹ jẹ́ kí ọkàn yín balẹ̀. Àwọn òbí tó sọ ọmọ wọn ní Rumduol ti gbàdúrà fún un pẹ̀lú orúkọ yẹn.

Ní ti pé kí ẹ mú un dání lọ́jọ́ ìgbéyàwó: rárá. Rumduol kì í ṣe òdòdó tí wọ́n ń já fún àríyá. Òdòdó ìgbéyàwó Khmer ni phka sla. Phka ni òdòdó, sla ni igi kan tó rí bí ọ̀pẹ tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn àgbà ń jẹ èso rẹ̀ pẹ̀lú ewé àti ẹfun, bí àwa ṣe ń jẹ obì. Bí obì ṣe jẹ́ níwájú ẹbí wa ni sla ṣe jẹ́ níwájú tiwọn. Òdòdó rẹ̀ wà nínú apó kan tó dì pinpin. Wọn á là á lójú gbogbo ènìyàn, á wá tú jáde bí irun funfun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ya. Wọ́n ń dì í ní ìdì-ìdì ní orúkọ ìyá, ní orúkọ bàbá, àti ní orúkọ àwọn ẹ̀gbọ́n, láti dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn pé wọ́n tọ́ ọmọ. Níparí, nígbà tí wọ́n bá ti so òwú mọ́ ọrùn ọwọ́ tọkọtaya, gbogbo ẹbí á máa fọ́n òdòdó náà lé wọn lórí.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí phka sla, torí pé inú ilé tí àwọn àna yín ti wá ni ọ̀rọ̀ náà wà. Ọjọ́ 17 oṣù kẹrin ọdún 1975 ni àwọn Khmer Rouge, ẹgbẹ́ ọlọ́tẹ̀ tó gba ìjọba, wọ Phnom Penh, wọ́n sì lé gbogbo ará ìlú síta, àti aláìsàn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Títí di ọjọ́ 7 oṣù kìíní ọdún 1979 tí wọ́n lé wọn kúrò, ó lé ní mílíọ̀nù kan àbọ̀ ènìyàn tó kú: ebi, àìsàn, iṣẹ́ àṣekú, ìpànìyàn. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, wọ́n ń pe ọkùnrin àti obìnrin jáde ní méjì-méjì, nígbà mìíràn ọ̀pọ̀ tọkọtaya lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọn á ní kí wọ́n di ọwọ́ mú kí wọ́n búra fún ẹgbẹ́. Kò sí òbí. Kò sí àlùfáà ẹlẹ́sìn Búdà. Kò sí òwú, kò sí orin, kò sí phka sla. Ọ̀pọ̀ kò tíì rí ojú ẹni tí wọ́n fà lé wọn lọ́wọ́ rí. Ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá ọdún 2018 ni ilé ẹjọ́ tí Kàmbódíà àti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé jọ gbé kalẹ̀ dá àwọn olórí méjì, Nuon Chea àti Khieu Samphan, lẹ́bi, ìgbéyàwó tipátipá yìí sì wà lára ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n kà sí wọn lọ́rùn.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fẹ́ Yeay. Ọdún 1978 ni, nínú pápá ìrẹsì, pẹ̀lú àwọn tọkọtaya mìíràn tí kò mọ orúkọ wọn. Ọkọ náà ṣe é jẹ́jẹ́, wọ́n sì jọ dàgbà, ó ti kú kí n tó débẹ̀. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ tó kẹ́yìn ṣe ìgbéyàwó lẹ́yìn ilé wa, mo wà níbẹ̀. Yeay ra phka sla ìlọ́po méjì. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń sọ pé ó ti pọ̀ jù, kò dá wọn lóhùn. Nígbà tí wọ́n fọ́n ti ìyàwó tán, ó bu ìyókù, ó lọ fọ́n ọn sí iwájú àwòrán ọkọ rẹ̀ nínú ilé, ó fọ́n díẹ̀ sí orí ara rẹ̀, ó sì jáde wá jókòó tì mí. Ìrọ̀lẹ́ ni. Rumduol ti ń ta sánsán.

Nítorí náà, bí ìyá ìyàwó bá gbé phka sla lé yín lọ́wọ́, Ìyá Akin, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ẹ má sì béèrè nípa bàbá àgbà àti ìyá àgbà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ pé àwọn fúnra wọn ni yóò mú un sọ.

Ẹ̀yin ni ẹbí ọkọ, ìyẹn ni pé èso ni ẹ máa gbé. Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, ẹbí ọkọ á tò ní ìlà méjì, wọn á gbé àwo èso àti àkàrà òyìnbó ní méjì-méjì, wọn á rìn lọ sí ilé ìyàwó pẹ̀lú ìlù. Ẹ ó rí i pé kò jìnnà sí ẹrù ìyàwó tiwa. Ẹ sọ fún ọmọ yín kó fi chek pong moan sí i, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Aṣọ tó ní àwọ̀ ni kí ẹ wọ̀: wúrà, pupa, àlùkò, búlúù. Aṣọ òkè yín á gbayì níbẹ̀, ìyàwó fúnra rẹ̀ á pààrọ̀ aṣọ dídán lẹ́ẹ̀mẹrin, lẹ́ẹ̀marùn-ún.

Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ bẹ̀ yín lé lórí: ẹ má gbé ọwọ́ lé orí ọmọ náà láti wúre fún un. Mo mọ̀ pé bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn, ọwọ́ mi náà ti fẹ́ lọ síbẹ̀ rí. Orí ni ibi mímọ́ jù lọ lára ènìyàn lójú Khmer, wọn kì í fọwọ́ kan orí àgbàlagbà bẹ́ẹ̀. Ẹ dúró de ìgbà tí wọ́n bá ń so òwú pupa. Gbogbo ẹbí ló ń so ó, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àdúrà lẹ́nu. Ẹ mú ọwọ́ rẹ̀, ẹ so òwú tiyín, kí ẹ sì wúre fún un ní Yorùbá títí yóò fi tó yín. Kò sí ẹni tí yóò dá yín dúró.

Ní ti orúkọ, ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń pè é kí ẹ tó gòkè ọkọ̀ òfuurufú. Ẹ sọ “rum” kúkúrú, kí ẹ wá bẹ̀rẹ̀ “du” kí ẹnu yọ̀ díẹ̀ sí apá “ọ”, kí ahọ́n wá kan àjà ẹnu níparí. Ẹ ó sì gbọ́ tí ìyàwó ń pe ọmọ yín ní bong. Ẹ̀gbọ́n nìyẹn. Ọmọ yín náà á máa pe ìyàwó ní oun, àbúrò. Àwọn náà kì í pe ẹni tó jù wọ́n lọ ní orúkọ gbàgà, ẹ ò ní ṣe àlejò níbẹ̀ púpọ̀.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kúuṣẹ́ mà. Nínú fídíò kan tí mo wò, àwọn ará Kàmbódíà ń gbé òdòdó kan lọ síwájú ère, ó sì dà bí òṣíbàtà lójú mi. Ṣé òun kọ́ ló yẹ kó jẹ́ òdòdó orílẹ̀-èdè wọn? Àti pé ṣé Nàìjíríà náà ní tirẹ̀?
Akẹ́kọ̀ọ́, Ìlọrin

ÌDÁHÙN

Ojú rẹ ríran, ṣùgbọ́n òṣíbàtà kọ́. Ewé òṣíbàtà máa ń sùn sórí omi. Ti òdòdó yìí, tí wọ́n ń pè ní chhouk, lotus lédè Gẹ̀ẹ́sì, ń dúró gangan lókè omi bí agboòrùn, òdòdó rẹ̀ náà sì ń yọ sókè ju omi lọ. Ìdílé ọ̀tọ̀ ni méjèèjì, bí wọ́n tilẹ̀ jọ ń gbé nínú ẹrẹ̀ kan náà.

Chhouk ni òdòdó àdúrà. Bí o bá dé etí odò ní Phnom Penh, níwájú ààfin, ojúbọ kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní Preah Ang Dorngkeu. Àwọn obìnrin tó ń ta chhouk jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ń ṣe ohun kan tí mo lè wò títí ilẹ̀ á fi ṣú: wọ́n á mú chhouk tí kò tíì là, wọ́n á ká ewé rẹ̀ wọ inú lọ́kọ̀ọ̀kan, igun mẹ́ta, igun mẹ́ta, títí yóò fi dà bí ohun tí wọ́n fi aṣọ ṣe. Ojú wọn kì í wò ó mọ́. Ẹni tó fẹ́ gbàdúrà á ra á pẹ̀lú tùràrí àti jásímìn tí wọ́n sín. Bí àwọn Khmer ṣe ń kí ara wọn pàápàá, pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tí wọ́n pa pọ̀ níwájú àyà, ọmọ chhouk tí kò tíì là ni wọ́n fi wé. Àwọn ilé gogoro Angkor Wat, tí Ọba Suryavarman Kejì kọ́ ní ọ̀rúndún kejìlá, àwòrán rẹ̀ ni wọ́n gbé. Àwọn obìnrin tí wọ́n gbẹ́ sára ògiri ibẹ̀ lé ní 1,700, òdòdó sì wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wọn àti nínú irun wọn.

O béèrè bóyá òun ló yẹ kó jẹ́ ti orílẹ̀-èdè. Èrò tèmi ni pé wọ́n mú èyí tó tọ́. Chhouk ti jẹ́ ti Búdà, ti Íńdíà náà ni, ti Vietnam náà ni. Rumduol, inú ọgbà ilé ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹni tó ń gbé e lọ síwájú ère. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ níláti wà nílé ní ìrọ̀lẹ́.

Nàìjíríà ńkọ́? Wo àmì ìjọba wa, èyí tó ní ẹyẹ idì àti ẹṣin funfun méjì. Àwọn òdòdó wẹ́wẹ́ tó wà nílẹ̀ níbi tí àwọn ẹṣin náà dúró sí, Costus spectabilis ni, òdòdó ìyeyè tó ń yọ sún mọ́ ilẹ̀. Ìbátan tẹ̀tẹ̀rẹ̀gún tí a mọ̀ ni.

ÌBÉÈRÈ

Àǹtí, mo wà ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù. Ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Éṣíà kan ń ta ìrẹsì tí wọ́n kọ Phka Rumduol sára àpò rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní òdòdó ni wọ́n fi ń mú un ta sánsán. Ṣé òótọ́ ni, ṣé kò lè ṣe inú ní nǹkan? Mo sè é lẹ́ẹ̀kan, ó di ẹ̀kọ.
Bàbá Tóbi

ÌDÁHÙN

Bàbá Tóbi, kò sí òdòdó kankan nínú rẹ̀. Orúkọ ni wọ́n yá lára òdòdó, òórùn ti ìrẹsì fúnra rẹ̀ ni. Ọdún 1999 ni ilé iṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn Kàmbódíà, CARDI, gbé e jáde fún àwọn àgbẹ̀. Ìrẹsì ìgbà òjò ni. Ó ń wo gígùn ọjọ́. Ìgbà tí ọ̀sán bá ń kúrú níparí òjò ló ń tanná, wọ́n sì ń kórè rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kọkànlá sí ìkejìlá. Ìdí nìyẹn tí àgbẹ̀ kò fi lè fi ipá mú un so lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, àti ìdí tí owó rẹ̀ fi ga ju ti àwọn yòókù lọ.

Inú mi dùn sí ìrẹsì yìí ju bí mo ṣe lè kọ lọ. Orílẹ̀-èdè tí ebi pa ènìyàn nínú pápá ìrẹsì rẹ̀ ní 1977, òun ló gba ipò ìrẹsì tó dára jù lọ lágbàáyé ní ìpàdé àwọn oníṣòwò ìrẹsì ní 2012, ó tún gbà á ní 2013, ó tún gbà á ní 2014 pẹ̀lú Táílàndì, kó tó tún gbà á ní 2018 àti 2022. Wọ́n ń wo bí hóró rẹ̀ ṣe rí, wọ́n ń sè é, wọ́n ń tọ́ ọ wò, wọ́n ń gbọ́ òórùn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fún un lórúkọ tó yẹ òórùn yẹn, wọn kò wá orúkọ jìnnà.

Pé ó di ẹ̀kọ: ẹ sè é bí ìrẹsì tiwa ni. Ìrẹsì tí a ń jẹ nílé ti rí iná kí ó tó dé ọjà, ó sì lè gba omi púpọ̀. Èyí kò rí iná rí. Ẹ má bọ̀ ọ́ dànù. Ẹ kàn ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì, ẹ wọn ife ìrẹsì kan sí omi ife kan àti díẹ̀ lé, kò nílò iyọ̀. Tó bá ti hó, ẹ dín iná kù pátápátá, ẹ dé e pa, ẹ má ro ó. Nígbà tí omi bá gbẹ, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ ní dídé fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kí ẹ tó ṣí ìdérí ni òórùn rẹ̀ á ti kàn yín ní yàrá.